Nọ́ńbà tó sùn sínú CT scan

Ẹ jẹ́ ká mú àpẹẹrẹ kan tó wọ́pọ̀. Ìyá kan tó ti lé ní 60 ọdún ń ní ìrora lẹ́gbẹ̀ẹ́ ikùn. Dókítà fura sí òkúta inú kíndìnrín, ó ní kí wọ́n lọ ya CT scan ikùn. Èsì jáde: òkúta wà lóòótọ́, mìlímítà 5 ni, apá òsì ló wà. Ẹ̀dọ̀ dára, kíndìnrín ọ̀tún dára, omi kò sí nínú ikùn. Ibẹ̀ ni ìwé náà parí sí. Bẹ́ẹ̀ eegun ẹ̀yìn ìyá yìí wà nínú àwòrán náà láti òkè délẹ̀, kò kàn sí ẹni tó bi í ní nǹkan ni. Ká ní ẹnì kan fi ìṣẹ́jú kan kún iṣẹ́ rẹ̀, ì bá rí i pé inú eegun náà ti ṣófo dé ibi tí yíyọ̀ ṣubú nínú balùwẹ̀ fi lè fọ́ ọ.

Kò sí CT ikùn tí eegun ẹ̀yìn kì í sí nínú rẹ̀. Ti àyà náà sábà máa ń dé ibi tí a nílò. Aláìsàn ti sanwó, ìtànṣán ti wọ ara rẹ̀, àwòrán ti wà nínú kọ̀ǹpútà. Kíkà nìkan ló kù. Lójú tiwa, kí èèyàn ní gbogbo èyí lọ́wọ́ kó má wo eegun dà bí ẹni tó sanwó odidi adìyẹ tó wá gbé itan kan lọ sílé.

Àrùn tó ń mú inú eegun ṣófo yìí, osteoporosis, kì í dun èèyàn. Ìyẹn gan-an ló burú nínú rẹ̀. Ẹ wo búrẹ́dì Agége: èèpo rẹ̀ tín-ín-rín, inú rẹ̀ kún fún ihò wẹ́wẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni eegun ẹ̀yìn rí. Èèpo líle ló yí i ká, ṣùgbọ́n inú ló gba èyí tó pọ̀ jù, fọ́nrán eegun wẹ́wẹ́ tó so kọ́ra bí afárá oyin, tí mùdùnmúdùn eegun kún àárín wọn. Bí nǹkan oṣù bá dúró, bí ọjọ́ orí bá ń gòkè, tàbí bí èèyàn bá ń lo oògùn sítẹ́rọ́ọ̀dù bíi prednisolone fún oṣù púpọ̀, àwọn fọ́nrán yìí á máa tín-ín-rín, àwọn kan á já, ihò á fẹ̀. Inú ló máa ń kọ́kọ́ lọ kí èèpo tó tẹ̀ lé e. Nínú àwọn tó ti kọjá 50 ọdún kárí ayé, obìnrin 1 nínú 3 àti ọkùnrin 1 nínú 5 ni eegun wọn máa fọ́ nítorí àrùn yìí kí wọ́n tó kúrò láyé. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò mọ̀ pé òun ní in títí dọjọ́ tí nǹkan fọ́.

CT wá ní àǹfààní kan tí ẹ́sírè lásán kò ní. Gbogbo àmì kékeré tó para pọ̀ di àwòrán CT, nọ́ńbà ni. Funfun àti dúdú tí à ń rí, kọ̀ǹpútà ló fi nọ́ńbà kùn ún fún ojú wa. Orúkọ Godfrey Hounsfield, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni wọ́n fi pe òṣùwọ̀n náà: ẹ̀rọ rẹ̀ ni wọ́n fi ya aláìsàn àkọ́kọ́ ní Atkinson Morley Hospital ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọjọ́ 1 oṣù kẹwàá ọdún 1971, òun àti Allan Cormack sì jọ gba ẹ̀bùn Nobel ní 1979. Lórí òṣùwọ̀n HU (Hounsfield unit) yìí, omi wà ní òdo, afẹ́fẹ́ wà ní −1000. Ọ̀rá wà ní nǹkan bí −100, ẹran ara ní nǹkan bí 50, èèpo eegun líle sì lè kọjá 1000. Inú eegun ẹ̀yìn wà láàárín, nítorí àdàlù ni: káṣíọ́ọ̀mù (calcium), ẹ̀jẹ̀ àti ọ̀rá. Bí káṣíọ́ọ̀mù bá ń dín tí ọ̀rá ń gba àyè rẹ̀, nọ́ńbà á máa wálẹ̀.

Eegun ẹ̀yìn tí wọ́n yàn fún ìwọ̀n yìí ni L1, èyí àkọ́kọ́ lábẹ́ èyí tí ìhà tó kẹ́yìn so mọ́. Ìdí tí wọ́n fi yàn án kò ju pé ó máa ń wà nínú CT ikùn àti ti àyà. Ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2019, lórí àwọn èèyàn tó lé ní 20,000 ní Amẹ́ríkà, rí i pé àwọn tí kò tíì pé 30 ọdún ní nǹkan bí 220 HU ní L1, àwọn tó ti kọjá 90 ọdún sì ní nǹkan bí 90. Ó ń fi nǹkan bí 2.5 wálẹ̀ lọ́dọọdún. Àmọ́ ẹ rántí pé ìwọ̀n Amẹ́ríkà nìyẹn. Eegun àwọn aláwọ̀ dúdú sábà máa ń ki ju ti òyìnbó lọ tí a bá kó wọn pọ̀ wò, nítorí náà ẹ má mú ohun tí wọ́n ń retí lára ẹni 60 ọdún ní ìpínlẹ̀ Wisconsin níbẹ̀ kí ẹ fi wọn ẹni 60 ọdún ní Ọ̀yọ́ bí ẹni pé ọ̀kan náà ni wọ́n.

Bí a ṣe ń wọ̀n ọ́n kò ṣòro, ṣùgbọ́n ó ní ètò. Ẹ ṣí àwòrán tí wọ́n yà láì sí kọ́ńtíráàsì (oògùn tí wọ́n ń gún sí iṣan kí inú ara lè hàn dáadáa), bí ó bá wà. Nínú rẹ̀, ẹ mú èyí tí wọ́n tò fún ẹran ara, tí bíbẹ́ rẹ̀ nípọn tó mìlímítà 3 sí 5. Ẹ fi èyí tí wọ́n pọ́n fún wíwo eegun sílẹ̀. Ó máa ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu pé àwòrán tí wọ́n pè ní ti eegun kọ́ ló dára jù láti wọn eegun, àmọ́ pípọ́n yẹn ló ń fi kún hóró-hóró inú àwòrán, ó sì ń gbé etí eegun ga ju bó ṣe rí lọ. Lẹ́yìn èyí, ẹ wo àwòrán láti ẹ̀gbẹ́, kí ẹ ka eegun láti ìsàlẹ̀: L5 jókòó lórí eegun ìbàdí, ẹ máa bọ̀ lókè títí dé L1. Ẹ tún fi ìhà tó kẹ́yìn yẹ ìkà yín wò. Àwọn kan wà tí eegun wọn ní ibẹ̀ jẹ́ 4 tàbí 6 dípò 5, èyí tó ń dá ìkà rú. Tí ẹ bá fi ẹyọ kan ṣì í, iṣẹ́ kò bàjẹ́ púpọ̀, torí nọ́ńbà T12 (èyí tó wà lókè L1), L1 àti L2 (èyí tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀) kì í jìnnà síra wọn.

Nígbà tí ẹ bá ti rí L1, ẹ lọ sí àwòrán tó gé e ní ìbú, ní agbedeméjì gíga rẹ̀. Ẹ yí ojú àwòrán padà sí ti eegun kí ẹ lè rí èèpo dáadáa. Yíyí ojú padà yìí kò sọ pé kí nọ́ńbà yí, ojú tiwa nìkan ló ń ràn lọ́wọ́. Ẹ fa òbìrìkìtì gígùn bí ẹyin síwájú nínú eegun náà. Kí ó tóbi bó bá ṣe lè tóbi tó, ṣùgbọ́n kó má kan èèpo rárá: káṣíọ́ọ̀mù inú èèpo pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí bíńtín rẹ̀ tó bá yọ́ wọlé fi lè gbé 95 dé 130. Kí ó sì má dé ẹ̀yìn, níbi tí iṣan ẹ̀jẹ̀ ti wọ inú eegun, nítorí ihò tó wà níbẹ̀ á fa nọ́ńbà wálẹ̀. Ètò kọ̀ǹpútà á kọ nọ́ńbà méjì sí ẹ̀gbẹ́ òbìrìkìtì náà. Èyí àkọ́kọ́ ni ìpíndọ́gba gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀, òun la fẹ́. Èkejì ń sọ bí wọ́n ṣe yàtọ̀ síra tó. Tí èkejì yìí bá ga gan-an, ẹ padà wò ó, ó lè jẹ́ pé ẹ ti kó nǹkan tí kì í ṣe tibẹ̀ mọ́ ọn. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe é dáadáa máa ń fa òbìrìkìtì mẹ́ta, ọ̀kan lókè, ọ̀kan láàárín, ọ̀kan nísàlẹ̀ L1, kó tó pín in sí mẹ́ta. Ètò ọ̀fẹ́ bíi Weasis tàbí Horos lè ṣe gbogbo èyí, kò dìgbà tí èèyàn bá ra nǹkan olówó ńlá.

Kí wá ni nọ́ńbà náà ń sọ? Ẹ ronú nípa àwọ̀n apẹja. Àwọ̀n tí ojú rẹ̀ kéré á kó gbogbo ẹja, á sì kó koríko mọ́ ọn. Èyí tí ojú rẹ̀ gbòòrò á kó kìkì ẹja ńlá, àwọn yòókù á bọ́ lọ. Ìwádìí tí Pickhardt àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ní Wisconsin ní 2013 fi 160 HU ṣe àwọ̀n olójú kéré: nínú àwọn tí ẹ̀rọ DXA, ẹ́sírè tí wọ́n sábà fi ń wọn líle eegun, sọ pé wọ́n ní osteoporosis, ìdá 90 nínú 100 ló wà ní 160 tàbí kó dín. Àwọ̀n olójú gbòòrò ni 110: ẹni tó bá wà nísàlẹ̀ rẹ̀, iyèméjì kò pọ̀ mọ́. Àárín 110 sí 160 ni ibi tí nọ́ńbà kò tíì lè dá sọ̀rọ̀, ọjọ́ orí àti ìtàn ìlera ni kẹ́ ẹ fi tì í lẹ́yìn. Ìwà tiwa ni pé ohunkóhun tó bá wà lábẹ́ 100, a máa ń kọ ọ́ sílẹ̀ láì lọ́ra.

Ohun kan tún wà nínú ìwádìí yẹn tí àwọn èèyàn kì í sọ tó. Lára àwọn tí eegun ẹ̀yìn wọn ti fọ́ tán lórí CT, tí ojú rí i kedere, DXA sọ pé ó lé díẹ̀ ní ìdajì wọn tí kò ní osteoporosis. Ó ní ìdí. DXA ń wo eegun bí ẹni ń wo òjìji lára ògiri. Gbogbo ohun tó wà lójú ọ̀nà ló ń kà mọ́ ọn: eegun kéékèèké tó hù sí etí oríkèé lágbà, òpó ẹ̀jẹ̀ ńlá tó ti gba káṣíọ́ọ̀mù. Àgbàlagbà tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti le gbagidi lè gba máàkì tó dára lórí DXA nígbà tí inú eegun rẹ̀ ti di pẹ̀pẹ́fúrú. CT ń wọ inú lọ, ó ń fi èèpo sílẹ̀.

Àmọ́ nọ́ńbà yìí mọ irọ́ pa, ibi tó sì ti ń pa á ló yẹ ká jókòó tì.

Kọ́ńtíráàsì ni àkọ́kọ́. Wọ́n ń gún un sí iṣan, ẹ̀jẹ̀ ń gbé e lọ síbi gbogbo, mùdùnmúdùn eegun náà ń gba tirẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá ya àwòrán ní nǹkan bí ìṣẹ́jú kan lẹ́yìn abẹ́rẹ́, L1 á ti fi bíi 10 HU lé sí i, nígbà mìíràn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí náà 112 tí a rí lórí àwòrán oníkọ́ńtíráàsì lè jẹ́ 100 gan-an. Ẹ má kàn yọ 10 kúrò bí ẹni ń san gbèsè o, torí bó ṣe ń gòkè yàtọ̀ láti ara ẹnì kan sí ẹlòmíràn. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé pé kọ́ńtíráàsì wà níbẹ̀, kí ẹni tó ń kà á lè mọ̀.

Èkejì le ju ti àkọ́kọ́ lọ, àwọn tó sì mọ̀ ọ́n kò pọ̀: kV ẹ̀rọ, ìyẹn agbára iná tí ẹ̀rọ fi ń ta ìtànṣán. Àwọn ààlà tí a kà sókè yìí, 120 kV ni wọ́n fi ṣe wọ́n. Tí ẹ̀rọ bá fi 100 tàbí 80 ṣiṣẹ́, káṣíọ́ọ̀mù á gbé ìtànṣán mì jù bẹ́ẹ̀ lọ, nọ́ńbà eegun á ga láì jẹ́ pé eegun le sí i. Ẹ̀rọ tuntun máa ń yan kV fúnra rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ara aláìsàn ṣe tóbi tó. Ẹni tó sanra, 120. Ẹni tó tín-ín-rín, 100. Ẹ wá wò ó: ìyá àgbà tín-ín-rín ni osteoporosis fẹ́ràn jù, òun náà sì ni ẹ̀rọ máa fún ní 100 kV, tí nọ́ńbà rẹ̀ á fi dára ju bó ṣe rí lọ. Ìgun àwòrán ni wọ́n ń kọ kV sí. Ẹ wò ó kí ẹ tó sọ ohunkóhun. Ní ti ẹni tó sanra gan-an, òdì kejì ló ń ṣẹlẹ̀, ẹran ara púpọ̀ á fa nọ́ńbà wálẹ̀ díẹ̀, pàápàá tí wọn kò bá tẹ́ ẹ sí àárín gbùngbùn ẹ̀rọ.

Iná mànàmáná náà ní ọwọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ̀rọ CT gbọ́dọ̀ gbóná, kí wọ́n sì fi afẹ́fẹ́ tún un ṣe lẹ́yìn tó bá kú fún wákàtí mélòó kan. Níbi tí wọ́n ti mú iná lọ, tí jẹnẹrétọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde, tí aláìsàn mẹ́jọ sì ń dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó rọrùn láti fò ó. Ike olómi tí wọ́n fi ń yẹ ẹ̀rọ wò láràárọ̀ yẹ kó fún wa ní òdo, kó má fi ju 5 lọ sókè tàbí sódò. Tí omi bá ń kà 9, eegun náà ti fi nǹkan bí 9 yí. Ọgbọ́n kan wà fún ẹni tí kò sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ya àwòrán: ẹ fa òbìrìkìtì sínú àpò ìtọ̀, lórí àwòrán tí kò ní kọ́ńtíráàsì. Ìtọ̀ kò jìnnà sí omi, òdo sí 10 ló yẹ kó wà. Tí ẹ bá bá 25 níbẹ̀, ẹ fura.

Ohun tó wà lára aláìsàn ńkọ́? Apá tí wọn kò gbé sókè orí máa ń fa ìlà dúdú kọjá ikùn, ààrín eegun ẹ̀yìn sì ni ìlà náà ń gbà. Àgbàlagbà tí èjìká ń dùn kì í lè gbé e, ẹ fi ìrọ̀rí gbé apá náà sórí àyà, ó sàn díẹ̀ ju kó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni síípù, pín-ìnnì, ońdè tó ní irin nínú àti ìlẹ̀kẹ̀ ìdí ń ba àwòrán jẹ́. Ẹni tó ń yàwòrán máa ń tijú àtibéèrè nípa ìlẹ̀kẹ̀ ìdí, ìyá náà kò sì ní dá a sọ. Ẹ béèrè.

Nínú eegun fúnra rẹ̀, ẹ ṣọ́ra fún ibi funfun kan ṣoṣo tó le bí òkúta, àti ibi tó rí tó-tó-tó bí awọ ẹtù, èyí tó jẹ́ ìdìpọ̀ iṣan ẹ̀jẹ̀ tí kì í pani lára. Ẹ má fa òbìrìkìtì lé wọn lórí. Ẹ má wọn eegun tó ti fọ́ tó sì ti pẹlẹbẹ: fọ́nrán rẹ̀ ti tò léra wọn, nọ́ńbà rẹ̀ á ga, á dà bíi pé òun ló le jù nínú gbogbo wọn. Ẹ kọjá lọ sí T12 tàbí L2. Bàbá 70 ọdún tí L1 rẹ̀ bá jẹ́ 400 kò lágbára eegun o, ẹ wá jẹjẹrẹ pírọ́síteetì tó ti ràn dé ibẹ̀.

A ò lè sọ̀rọ̀ yìí ní Nàìjíríà ká má mẹ́nu ba àwọn tó ní ẹ̀jẹ̀ SS. Nínú ara wọn, mùdùnmúdùn eegun ń ṣiṣẹ́ àṣekún láti dá ẹ̀jẹ̀ tó ń kú padà, ó ń fẹ̀, ó ń jẹ fọ́nrán eegun, nọ́ńbà ń wálẹ̀. Lẹ́sẹ̀ kan náà, ibi tí ẹ̀jẹ̀ kò dé máa ń kú, á sì le, nọ́ńbà ibẹ̀ á lọ sókè. Nǹkan méjì tó tako ara wọn yìí lè wà nínú eegun kan ṣoṣo. Ẹni 25 ọdún lè ní 120, ẹnìkejì rẹ̀ lè ní 350, kí eegun àwọn méjèèjì má lera. Kò sí ààlà Wisconsin tó bá wọn mu. Àpèjúwe ohun tí ojú rí wúlò fún wọn ju nọ́ńbà lọ: àárín òkè àti ìsàlẹ̀ eegun tó wọlé bí ẹni fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, àti ibi tó ti funfun jù.

Àwòrán ẹ̀gbẹ́ tí a fi ka eegun lẹ́ẹ̀kan, ẹ má sáré pa á dé. Eegun ẹ̀yìn tó ti fọ́ wà lórí ọ̀pọ̀ CT tí kò sí ẹni tó kọ ọ́ sínú èsì, nítorí àwòrán tó gé ara ní ìbú nìkan ni wọ́n wò, bẹ́ẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ ló ti ń hàn. Ẹ wọn gíga iwájú rẹ̀ àti ti ẹ̀yìn rẹ̀. Tí ẹ̀yìn bá jẹ́ mìlímítà 25 tí iwájú jẹ́ 17, ó ti pàdánù 8 nínú 25, ìyẹn ìdá 32 nínú 100. Lórí òṣùwọ̀n Genant, tí wọ́n fi ń sọ bí eegun ẹ̀yìn ṣe fọ́ tó, ìdá 20 sí 25 ni ìpele kìíní, 25 sí 40 ni ìkejì, ohun tó ju 40 lọ ni ìkẹta. Ìpele kejì ni tiwa yìí. Ẹni tó bá ní ọ̀kan báyìí láì jẹ́ pé ọkọ̀ gbá a tàbí pé ó já láti orí igi, ó ti ní osteoporosis, ohun yòówù tí HU tàbí DXA bá wí. Nílé, wọ́n lè ti máa rí i láì mọ̀: kábà tí kì í kan ilẹ̀ tẹ́lẹ̀ wá ń gbálẹ̀.

CT kan tún wà tí wọ́n dìídì ń ṣe fún eegun, QCT. Wọ́n á fi pátákó kan tó ní ọ̀pá eléròjà eegun tí wọ́n mọ ìwọ̀n wọn sábẹ́ ẹ̀yìn aláìsàn, wọ́n á ya òun àti eegun pọ̀, ètò kọ̀ǹpútà á sì sọ HU di míligíráàmù nínú sẹ̀ǹtímítà oníhà mẹ́ta kan. Lábẹ́ 80 ni osteoporosis, 80 sí 120 ni eegun tó ti ń fúyẹ́, òkè rẹ̀ dára. Àṣìṣe tó pọ̀ jù níbẹ̀ ni kí ẹnì kan mú −2.5, máàkì tí DXA fi ń dá osteoporosis mọ̀, èyí tí àjọ ìlera àgbáyé gbé kalẹ̀ ní 1994, wá lò ó fún QCT eegun ẹ̀yìn. Inú eegun ń yára lọ ju gbogbo eegun lápapọ̀ lọ, nítorí náà ẹ máa pe ogunlọ́gọ̀ èèyàn tí ara wọn le ní aláìsàn. Ẹ má sì pàṣẹ CT ikùn tórí eegun nìkan. Ìtànṣán rẹ̀ máa ń tó míllísífátì 8 tàbí jù bẹ́ẹ̀, ti DXA kò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ìyẹn. Èyí tí wọ́n ti yà tẹ́lẹ̀ ni kí ẹ kà.

Bí nọ́ńbà bá kéré, oògùn eegun kọ́ ló kàn. Káṣíọ́ọ̀mù, fítámì D, ìṣiṣẹ́ kíndìnrín àti tírọ́ọ̀dù (thyroid) inú ẹ̀jẹ̀ ni kí wọ́n yẹ̀ wò, kí wọ́n sì wá jẹjẹrẹ mùdùnmúdùn eegun tí nọ́ńbà bá wálẹ̀ jù fún ọjọ́ orí. Kí wọ́n béèrè nípa oògùn arọmọléegun tí wọ́n rà lọ́wọ́ oníkiri àti ìpara abóra, torí sítẹ́rọ́ọ̀dù ń fara pa mọ́ sínú àwọn méjèèjì. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n lọ ṣe DXA níbi tó bá wà.

Gbogbo ohun tí a sọ yìí ń fẹ́ nǹkan kan tí ọ̀pọ̀ aláìsàn kì í gbà lọ sílé: CD. Fíìmù ńlá dúdú tí wọ́n ń fún wọn nínú àpò ìwé kò ní nọ́ńbà kankan nínú, àwọ̀ nìkan ló wà lára rẹ̀, ẹ ò lè wọn HU lára rẹ̀ bó ti wù kí iná ẹ̀yìn rẹ̀ mọ́lẹ̀ tó. Àwòrán tí wọ́n fi fóònù yà lára fíìmù, tí wọ́n fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, tún burú jùyẹn lọ. Ẹ gba CD lọ́jọ́ yẹn gan-an, kí kọ̀ǹpútà wọn tó kún tí wọ́n á fi pa ti àtijọ́ rẹ́. Tí CD ìyá wa olókùúta bá sì wà, ìlà kan péré ló kù tí wọ́n á fi kún èsì wọn: L1, 84 HU, 120 kV, kò sí kọ́ńtíráàsì, kò sí eegun tó fọ́ láti T11 dé L5.